Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Kan Ṣoṣo Bá Ní Kò Sí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìṣòro kan tí ó wáyé ní yàrá kọ̀ǹpútà wa ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Kí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀, ètò kékeré kan ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mọ́kàndínlógún yege nínú ogún. Ọ̀kan ṣoṣo kùnà. Díẹ̀ ló kù kí a dá akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjókòó rẹ̀ bọ́ sí ìdí rẹ̀ padà.

Àṣẹ tí ó ń jẹ́ ping, èyí tí Mike Muuss kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, ni ètò náà gbára lé. Ping a máa fi ìpè kékeré ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, a sì dúró de èsì. Bí èsì bá dé, Windows a kọ “Reply from” sójú. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ètò wa ń wá. Bí kò bá rí wọn, ó di kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn.

A pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí. (Èmi gan-an ti ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò.) Nígbà tí a wá fi ọwọ́ ara wa tẹ ping 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, èsì dé. A pe ráútà, èsì dé. A pe 8.8.8.8 ti Google, èsì tún dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn lójú rẹ̀ ni “Réponse de”. Kutọnu ni a ti ra kọ̀ǹpútà náà. Èdè Faransé ni Windows inú rẹ̀ ń lò.

Ètò kò mọ ìtumọ̀. Lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ti Jámánì ni, “Antwort von” ni ì bá kọ. Àmì tí kì í yí padà láàárín àwọn èdè wọ̀nyí ni “TTL=”, òun ni a sì ní kí ètò máa wá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bà wá lẹ́rù. Bí ráútà kò bá rí ẹni tí à ń pè, èsì tí ó máa fi ránṣẹ́ náà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Reply from”, “Destination host unreachable” a sì tẹ̀ lé e. Èyí fi hàn pé àwọn mọ́kàndínlógún tí a gbà gbọ́ gan-an lè ti purọ́ fún wa rí. “TTL=” kì í sí nínú irú èsì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í hàn nínú èsì IPv6 náà, nítorí náà a fi -4 kún àṣẹ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìdánwò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. A kò yí èdè rẹ̀ padà.