Kí Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Bá A Dé Ẹnu Ọ̀nà Bàálù

Àbúrò mi, má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù yẹn o. Kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà, kí o ṣàlàyé bí ara ọmọ rẹ tó ń lo wíìlìṣíà ṣe rí gan-an: ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn bí a bá dì í mú, àbí kò lè dìde rárá? Má tijú, má sì bù ú kù. Ìdáhùn rẹ ni wọ́n á wò tí wọ́n á fi yan lẹ́tà mẹ́rin tó máa bá orúkọ rẹ̀ rìn. WCHR wà fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà; WCHS, ẹni tí àtẹ̀gùn kọjá agbára rẹ̀; WCHC, ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dé orí ìjókòó. Bí wọ́n bá kọ ti àkọ́kọ́ fún ọmọ tí kò lè dúró, àwọn tó yẹ kó gbé e lè má sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọkọ̀.

Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré tán. Wọn ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí wíìlìṣíà, wọn kì í sì í kà á mọ́ ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ló wà lọ́kàn mi jù. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n lè fẹ́ gbà á, kí wọ́n ní kí ọmọ jókòó sí ti pápákọ̀. Má gbà. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ẹ̀yìn ọmọ á máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro. Sọ fún wọn pé inú tirẹ̀ ló máa wà títí dé ẹnu ọ̀nà bàálù, kí wọ́n sì gbé e wá bá yín níbẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí o tó yọ̀ǹda rẹ̀, yọ tìmùtìmù, yọ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kó wọn sínú àpò tí ẹ máa gbé wọlé. Ya fọ́tò rẹ̀ yípo. Kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sórí páálí kan, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ká a, ibi tí búréèkì wà, ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ dì mú.

Nínú bàálù, àga tẹ́ẹ́rẹ́ oníbẹ́líìtì ni wọ́n á fi gbé ọmọ gba àárín ìjókòó kọjá. Ṣàlàyé rẹ̀ fún un láti ilé, torí ẹ̀rù á bà á bí àjèjì méjì bá ṣàdédé ń so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin nìyí: àwọn ìyá kan máa ń fi omi du ọmọ láti àárọ̀, kó má bàa tọ̀ nínú bàálù. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ìrìn náà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Pampásì ńlá ló dáa, kódà fún ọmọ tí kì í lò ó nílé. Bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, jẹ́ kó gbà, kí o wọ ṣòkòtò dúdú tó fẹ̀ fún un.

Bí bàálù bá balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀ kẹ́yìn. Má kúrò ní pápákọ̀ láìyẹ kẹ̀kẹ́ wò: yí táyà, fa búréèkì, fi wé fọ́tò. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́, gba ìwé lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 7 péré ni àdéhùn àgbáyé Montreal lórí ìrìn àjò òfurufú fún ọ láti fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lákọsílẹ̀.

Ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ara á tù yín díẹ̀. Bọ́ọ̀sì wọn ní pátákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ jáde láti ilẹ̀kùn àárín, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà. Takisí dúdú náà ní tiwọn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló lè dà yín láàmú, torí ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tó ń gba pápákọ̀ Heathrow ni kí ẹ dì mú. Bí kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló bá sì ti gba àyè nínú bọ́ọ̀sì, fi ọ̀wọ̀ bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà ni àyè yẹn tọ́ sí ṣáájú. Bí kò bá gbé e kúrò, ké sí awakọ̀.