Wọn Ò Jẹ́ Kí Àbúrò Mi Kúrò ní Ọsibítù

Ìbéèrè: Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àbúrò mi obìnrin ní ọsibítù ìjọba kan. Dókítà ti ní kí tìyátọmọ máa lọ sílé, ṣùgbọ́n owó tó kù lọ́rùn wa pọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n ní ká lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ọsibítù náà. Àwọn yẹn náà ní kò sówó nílẹ̀. Kí la lè ṣe? (Ẹ̀gbọ́n ìyá ìkókó, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ̀gbọ́n wa. Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn wẹ́fíà. Owó lè má sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ju owó pípín lọ. Àwọn ló ń wádìí bí nǹkan ṣe rí fún ẹbí aláìsàn, tí wọ́n á sì bá wọn bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gé nínú owó náà, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú oníduùró kan dání. Iye tí agbára yín ká lóṣooṣù ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má fi ìtìjú kọ èyí tó jù ú lọ. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá ọsibítù yẹn wà nínú ètò iṣẹ́ abẹ ìbímọ ọ̀fẹ́ fún aláìní tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ìparí ọdún 2024.

Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ há ènìyàn mọ́. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo òmìnira gbogbo wa. Ọsibítù lè pe ẹjọ́ gba owó rẹ̀. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ èyí fún wọn. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, wọ́n ń ran aláìní lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ti rí nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n dáwó láàárín ara wọn láti ra oògùn fún aláìsàn tí kò lẹ́nì kan. Owó tí ìjọba ò mú wá ni ọsibítù ń wá lọ́wọ́ aláìsàn, torí òun náà ní láti ra ìbọ̀wọ́, oògùn àti epo dísù. Síbẹ̀, dídá ìyá ìkókó dúró kò mú owó wọlé. Ńṣe ló ń gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ aboyún mìíràn lọ́wọ́.

Òfin kọ́ la ò ní. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá kan ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera kòṣeémánìí. Ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún aláìní, aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ bá mi bi aṣòfin àdúgbò yín léèrè: èló nínú owó yìí ló dé ọ̀dọ̀ yín?

Bí wọ́n bá ti délé, ẹ fi orúkọ tìyátọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má dúró di ìgbà tí ara ọmọ bá gbóná kí ẹ tó lọ.