Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nípa Àrùn Ẹ̀dọ̀

Àrùn kan wà tí ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ń pè é ní hẹpatáítíìsì B. Kòkòrò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹyinjú ẹni tí ó ní i á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìtọ̀ rẹ̀ á sì dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò rí àmì kankan. Wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń bímọ. Fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àrùn lè máa jẹ ẹ̀dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ikùn bá wú, ọ̀rọ̀ ti le. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí. Ká ní olè wọ ilé kan. Bí a bá rí ẹ̀wù rẹ̀ nínú yàrá, a mọ̀ pé ó wà nílé. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ nìkan ni a bá lẹ́nu ọ̀nà, a mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ nípa olè rí ni wọ́n ṣe gba ọdẹ. Fáírọ́ọ̀sì yìí náà ní ẹ̀wù. Bí ó ti ń bí sí i nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ a máa dà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹ̀wù náà, ẹni tí ó ni ín wà lára lónìí. Bí wọ́n bá rí àwọn ọmọ-ogun ara nìkan, láìsí ẹ̀wù, ó lè jẹ́ pé àrùn ti wá, ó sì ti lọ, tàbí pé ẹni náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Dókítà Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí ẹ̀wù yìí. Ó ti wá gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ní Nàìjíríà ńbí ní ọdún 1957. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976.

Lórí ìwé èsì, HBsAg ni wọ́n ń kọ. Ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún náà sínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí Positive tàbí Reactive níwájú rẹ̀, kòkòrò wà lára. Negative ni pé wọn kò rí i. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ fúnra yín ka tiyín.

Àyẹ̀wò náà kò le. Wọn a gún ìka, wọn a kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, ẹ ó sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìlà méjì ni pé ó wà. Ìlà kan níbi lẹ́tà C ni pé kò sí. Bí ìlà C kò bá yọ rárá, ike ti bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn. Ẹ̀wù náà kì í sì í tètè yọ, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí ó fura pé òun kó o lọ́sẹ̀ tó kọjá ní láti padà lọ.

Wàyí o, ká ní ọkùnrin kan fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a kò lè gba ẹ̀jẹ̀ yín. HBsAg yín, Positive ni." Ó délé, ó sọ fún ìyàwó, ni ìjà bá dé: ta ló kó o ran ta? Ìwé èsì kò sọ ìyẹn o! Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa ló ti kó o láti kékeré, àwọn mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ lé aya tàbí ọkọ. Kí wọ́n má ya abọ́ sọ́tọ̀, nítorí jíjẹun pọ̀ kì í ràn án. Abẹ ìfárí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀. Kí aya àti àwọn ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àgbàlagbà tí kò bá ní i, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Ọkọ pẹ̀lú, kí ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí ẹ̀wù bá ṣì wà, dókítà yóò ka iye kòkòrò, yóò wo ẹ̀dọ̀, yóò sì mọ̀ bóyá oògùn kàn án.

Àwọn kan á ní àwọn mu àgbo, èsì sì di Negative. A kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Nínú àgbàlagbà 100 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn yìí, ó lé ní 90 tí ara wọn ń lé e jáde fúnra rẹ̀. Alágbo ló wá ń gba ìyìn.

Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí ó kó o nígbà ìbí, nǹkan bí 90 ni kì í kúrò lára wọn. Nítorí náà, kí aboyún béèrè àyẹ̀wò HBsAg. Gbogbo ọmọ tuntun sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí wákàtí 24 tó pé. Bí ìyá bá bímọ sílé lálẹ́, ilẹ̀ tó bá mọ́ ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìkómọjáde.