Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: TA NI Ó NI ÒJÒ?

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14:8-18
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14:17
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a mọ̀ pé Ọlọ́run alààyè ni ó ni òjò àti àrá, kí a sì máa ṣe ojúṣe wa láìbẹ̀rù òrìṣà.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ẹ̀yin ará, bí àrá bá sán lóru ní Agbowó tàbí ní Bódìjà, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Àwọn mìíràn nínú wa tí a bí sí ilé onígbàgbọ́ pàápàá a máa ké "Kábíyèsí!" Ta ni à ń kí?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́
1. Lísírà (ẹsẹ 8-13). Nígbà tí arọ rìn, àwọn ènìyàn pe Bánábà ní Júpítérì, òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ni àrá. Wọ́n mú màlúù wá láti rúbọ.

2. Ọ̀yọ́. Ìtàn tiwa jọ èyí. Wọ́n ní Ṣàngó jẹ Aláàfin rí, ó sì pokùn so, ṣùgbọ́n àwọn tirẹ̀ ń kéde pé ọba kò so. Ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ là ni a sọ di alágbára ojú ọ̀run. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ ya, ó kọ̀ láti di òrìṣà (ẹsẹ 14-15).

3. Ògùnpa. Pọ́ọ̀lù fi òjò ṣe ẹ̀rí oore Ọlọ́run (ẹsẹ 17). Ṣùgbọ́n òjò ńlá ni ó mú kí odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìsinmi, 31 August 1980. Ilé wó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ṣé òrìṣà odò ni ó bínú ni? Rárá o. Pàǹtírí ti dí odò náà, a sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Odò kò bínú. Àwa ni a dí i lọ́nà. Ẹ má sì ṣe wí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwa lọ ni àwọn tí ó kú. Ẹ ka Lúùkù 13:4-5.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́
Ẹni tí ó bá ń bọ odò lè máa da ilẹ̀ sínú rẹ̀ síbẹ̀. Onígbàgbọ́ tí ń gbàdúrà, tí ó sì ń da ilẹ̀ sí gọ́tà ní Dùgbẹ̀, kò sàn jù ú lọ. Ọlọ́run fi ayé sí ìtọ́jú wa (Jẹ́nẹ́sísì 2:15). Ẹ má ṣe bú aládùúgbò yín tí ń bọ òrìṣà. Pọ́ọ̀lù àti àwọn tirẹ̀ kò bú òrìṣà àwọn ará Éfésù (Ìṣe 19:37). Ẹ fi ìfẹ́ sọ ti Ẹni tí ń rọ̀jò fún un.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó fà á tí Pọ́ọ̀lù fi fa aṣọ rẹ̀ ya?
2. Ìbẹ̀rù òrìṣà wo ni ó ṣì kù nínú ilé yín?
3. Gọ́tà wo ni kíláàsì wa lè gbá kí òjò tó dé?