Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Iṣẹ́

  

Ìbéèrè kan ló bí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fi ìwé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un hàn mí. Wọ́n gbà á láti máa di ọjà sínú páálí, owó oṣooṣù ni wọn yóò sì máa san. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá dínkù, ilé iṣẹ́ lè ní kí òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé láìgbowó, tàbí kí wọ́n dín wákàtí àti owó rẹ̀ kù, fún ìgbà tó bá wù wọ́n. Kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ níbòmíràn ní gbogbo àsìkò náà. Ó bi mí pé: "Áfà, ẹ̀sìn wa ní ká mú àdéhùn ṣẹ. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò ní ẹsẹẹsẹ.

1. Àdéhùn gbọ́dọ̀ hàn kedere

Òótọ́ ni pé ẹsẹ kìn-ín-ní nínú Súrátul Má'idah pàṣẹ pé kí á mú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àdéhùn iṣẹ́ tí Àlùkùránì Alápọ̀nlé fi hàn wá nínú Súrátul Qasas, ẹsẹ 27 àti 28. Bàbá àgbà ará Mádíyánì tó gba Ànábì Músá síṣẹ́ dárúkọ ọdún: 8 ni ọ̀ranyàn, bí Músá bá sì sọ ọ́ di 10, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Ó sọ ohun tí Músá yóò rí gbà. Ó ní òun kò fẹ́ ni ín lára. Músá pẹ̀lú sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Kò sí ohun tó fara sin níbẹ̀.

Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì (SAW) kọ òwò garárì, ìyẹn òwò tí àbọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí àwọn onímímọ̀ fi ní owó iṣẹ́ àti àsìkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀. "Ìgbà tó bá wù wọ́n" kì í ṣe àsìkò tí ẹnikẹ́ni lè kà.

2. Ẹni tó yọjú síṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀

Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú fíkíì. Èkíní ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn bíi télọ̀. Iṣẹ́ tó bá parí ló ń gbowó lé. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní ajīr khāss, ta àkókò rẹ̀ fún ẹnì kan, bíi ti arábìnrin wa. Majallah, ìwé òfin ìjọba Ottoman tí wọ́n kọ láàrin ọdún 1869 sí 1876 ní ìlànà Hánáfì, ṣàlàyé ní abala 425 pé owó tọ́ sí irú òṣìṣẹ́ yìí bí ó bá ti wà ní sẹpẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ rí iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ iṣẹ́, kò lówó níbẹ̀. Máálíkì ni àwa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ àlàyé náà wúlò fún wa.

3. Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Labour Act tó ti wà láti ọdún 1974 sún mọ́ èyí gan-an. Abala 17 ní bí òṣìṣẹ́ bá yọjú, tí ara rẹ̀ sì dá, tí agbanisíṣẹ́ kò rí iṣẹ́ fún un, kí ó san owó ọjọ́ náà pé, àfi bí àdéhùn àjọṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sọ nǹkan mìíràn. Bí wàhálà tó kọjá agbára agbanisíṣẹ́ bá dé, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò san. Ṣùgbọ́n àsìkò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àyàfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fi kún un. Abala 7 sì ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ owó àti wákàtí rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Òfin yìí kò kan àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni ààbò wọn, nítorí náà kí wọ́n kà á ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ìjọba sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé nítorí kòrónà, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ló jókòó sílé láìgbowó.

4. Kí ni kí á ṣe?

Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè: ọjọ́ mélòó ni ó pọ̀ jù? Èló ni mo máa gbà nílé? Ṣé mo lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ máa yọjú síṣẹ́, kí ẹ sì gba ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sílé.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tó dá àkókò padà fún òṣìṣẹ́ láìsanwó kò tún lè so àkókò náà mọ́lẹ̀. Owó ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán kò sì sí lára ohun tí a ń fi "ọjà kò yá" dá dúró. Hádíìsì kan wà nínú Bukhari pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tó gba iṣẹ́ pé tí kò sanwó rẹ̀ ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Arábìnrin wa padà lọ béèrè. Kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà: wọn kò gbà láti san ìdajì owó. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ kan síbẹ̀ dípò "ìgbà tó bá wù wọ́n", wọ́n sì fagi lé ìlà tó ní kí ó má ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ìgbà náà ló tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn tó lè mú ṣẹ nìyẹn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin télọ̀ àti ajīr khāss?
(b) Kí ni garárì nínú ìwé iṣẹ́ arábìnrin yìí?
(d) Ẹ mú ìwé iṣẹ́ tiyín jáde. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ọjọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí.

Ọlọ́hun yóò fún wa ní arísìkí haláálì. Àmín.