Oówo Inú Ọlọ: Ṣé Kí A Fa Ọyún Rẹ̀ Ni, Àbí Kí A Gé Ọlọ Kúrò?

Abẹ́ egungun ìhà òsì ni ọlọ inú wà. A máa lọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, a sì máa mú kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó sọ ọ́ ní ọlọ kò ṣìnà.

Ó ṣọ̀wọ́n kí oówo sọ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ń bá a lára wọn ni ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé a dí iṣan ẹ̀jẹ̀, apá kan ọlọ a kú, kòkòrò Salmonella a wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ara a máa gbóná, kò ní lọ. Ìhà òsì a máa dunni, nígbà mìíràn títí dé èjìká. Nílẹ̀ wa, ibà lásán ni a ó kọ́kọ́ pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí bí oówo náà bá bẹ́ sínú ikùn, ó lè pani.

Oògùn apakòkòrò bíi ceftriaxone ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ráyè wọ inú ọyún dáadáa. Láyé àtijọ́, gígé ni. Lóde òní, bí oówo bá jẹ́ ẹyọ kan tí ọyún rẹ̀ kò sì ki, dókítà lè fi ẹ̀rọ àwòrán tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà, kí ó fà á jáde. Bí ó bá pọ̀ káàkiri ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù. Ẹni tí a gé ọlọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí kòkòrò pneumococcus, ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri sì lè le sí i ju ti ẹlòmíràn lọ.