Bí Òbí àti Tíṣà Ṣe Lè Jọ Tọ́ Ọmọ Tí Apá Kò Fẹ́ Ká

Tí tíṣà bá ránṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí wa lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín," ọ̀pọ̀ òbí á ti dá ẹjọ́ náà tán kí wọ́n tó kúrò nílé: bóyá tíṣà ni kò mọ ọmọ tọ́, bóyá ọmọ ló fẹ́ dójú tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni òbí mọ̀; ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ tíṣà. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí wà fún òbí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń jà, tó ń pariwo ní kíláàsì tàbí tí kì í parí iṣẹ́, kí ìdajì méjèèjì lè pàdé.

1. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ nǹkan mẹ́ta sínú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀: ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó tẹ̀lé e. "Olóríkunkun ni" kò la tíṣà lóye. Èyí là á lóye: "Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó pa tẹlifíṣọ̀n kó wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ju ìwé mọ́lẹ̀, ó ń ké. Mo bínú, mo ní kó lọ sùn."

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ọmọ ké, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, yóò mọ̀ pé igbe ló ń gba òun lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ẹ kọ àkókò oorun pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tó sì ń sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 7 péré ló ń rí sùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má tòògbé ní kíláàsì rárá. Ìjà àti ara àìbalẹ̀ ni àárẹ̀ rẹ̀ lè bá jáde.

2. Ẹ dá àkókò

Ẹ má dá tíṣà dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń tò lọ́wọ́. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ káàsán ma. Mo fẹ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe máa ran ọmọ yìí lọ́wọ́. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn lẹ́yìn tí ẹ bá parí iṣẹ́?" Tíṣà kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń mójú tó ọmọ lọ́sàn-án, kí òun náà bá yín lọ.

3. Ẹ gbọ́ kí ẹ tó sọ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kí tíṣà kú iṣẹ́, kú wàhálà ọmọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè:

- Ìgbà wo ló máa ń ṣe é jù, àárọ̀ ni tàbí lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán?
- Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà?
- Ta ló jókòó tì í?
- Ìgbà wo ló máa ń ṣe dáadáa?

Ẹ má fi ìbéèrè ìkẹyìn ṣeré. Bí ọmọ bá ń jà nígbà ìwé kíkà, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ nígbà ìṣirò, ó lè jẹ́ pé kò tíì mọ ìwé kà, tí kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Olùkọ́ tó máa ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò kọ́ ọ ní kíkà; ìyà kò lè kọ́ ọ.

4. Ẹ yẹ ara ọmọ wò

Ọmọ tí kì í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, tó máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè tàbí tí etí rẹ̀ ń tú, etí rẹ̀ lè má gbọ́ràn dáadáa. Èyí tó ń fún ojú pọ̀ wo pátákó, tó ń wo ìwé ẹnìkejì kọ, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú. Kí tíṣà mú un wá jókòó síwájú kí èsì àyẹ̀wò tó jáde.

Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ etí tàbí ojú, tí ara ọmọ kò sì balẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Kí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí púpọ̀ nínú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa béèrè ọ̀rọ̀ ilé àti ti ilé-ìwé. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání lọ sí ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò ní Abẹ́òkúta, tàbí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yaba, tó wà ní Òṣòdì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé orí ọmọ dàrú nítorí pé ẹ lọ síbẹ̀.

5. Ẹ lo káàdì ojoojúmọ́

Ẹ̀yin àti tíṣà, ẹ mú ìwà méjì péré. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe ni kí ẹ kọ: "Mo na ọwọ́ sókè kí n tó sọ̀rọ̀", "Mo parí iṣẹ́ tí tíṣà fún mi." Ẹ pín ọjọ́ sí mẹ́ta: kí ìsinmi ó tó dé, lẹ́yìn ìsinmi, àti ìgbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí. Tíṣà yóò máàkì èyí tó bá ṣe. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ jẹ́ kí 4 tó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó o.

Bí ó bá pé 4, kó gba ẹ̀san rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an: kó gbá bọ́ọ̀lù, kó yan àlọ́ tí ẹ máa pa, kó sọ oúnjẹ tí ẹ máa sè. Bí kò bá pé, kò sí ẹ̀san. Ó parí síbẹ̀. Ẹ má nà án, ẹ má wàásù. Ọmọ tí ẹ bá nà nítorí káàdì, káàdì rẹ̀ yóò máa sọ nù lójú ọ̀nà.

6. Ẹ fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀

Àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, ní kúkúrú, nílé àti ní kíláàsì. Ẹ má sì sọ fún tíṣà pé, "Ẹ nà án dáadáa, mo fún yín láṣẹ." Ọmọ tí wọ́n ń nà níbi méjèèjì á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún àgbà.

7. Ẹ padà jókòó

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ ka káàdì. Bó bá ń dára, ẹ gbé 4 náà sí 5. Bí kò bá yí padà, ẹ̀san ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, tàbí kí ẹ mú ìwà tó rọrùn jù. Bí ilé-ìwé bá ní kí ẹ mú ọmọ yín lọ, ẹ lọ rí ọ̀gá wọn tẹ̀yin ti àkọsílẹ̀ yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí káàdì bá ń kún láìsí ìjà, ẹ sọ ọ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Bí ọmọ bá sì gòkè lọ sí kíláàsì mìíràn ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ mú ìwé kékeré náà lọ fún tíṣà tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.